Kí Ni Ẹ Ó Fi Panu Lọ́sàn-án Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ tàbí ti alẹ́ tí gbogbo ènìyàn kà sí. Ọ̀rọ̀ ìpanu ni, ohun kékeré tí a máa ń jù sẹ́nu láàárín agogo méjìlá sí agogo mẹ́rin, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ti dà tí ti alẹ́ kò sì tíì dé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí a sì wá kọ́ ní kọ́lẹ́jì yìí kò ju bí a ó ti mú ọ̀rọ̀ wọ inú ọmọ ènìyàn lọ. Nítorí náà, ohun tí ó wà nínú ikùn ọmọ nígbà tí a bá ń kọ́ ọ kò lè ṣàì kàn wá.

Kí n tó na ìka sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ti ara mi. Nígbà tí wọ́n pín wa káàkiri fún ìdánrawò ìkọ́ni ní sáà tí ó kọjá, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé tí kò jìnnà sí ìlú Jos ni ó bọ́ sí mi lọ́wọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí ó máa ń ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ti ìsinmi ọ̀sán dé báyìí, tí mo kọ ìṣirò sójú pátákó, ọmọ yìí a gbé orí lé tábìlì, a sì sùn lọ fọnfọn. Ní ọjọ́ kìíní mo fi ọ̀pá gbá tábìlì rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo ní kí ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀yìn kíláàsì, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ní ọjọ́ kẹta, orí ìkúnlẹ̀ náà ni ó ti sùn. Ó ṣubú, ó fi etí kan gbá ògiri, àwọn ọmọ yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ pé èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilé-ìwé jáde, mo dá a dúró mo sì bi í léèrè ohun tí ń ṣe é. Hausa ni a jọ sọ, Hausa tèmi kò sì dán mọ́rán, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Ó ní ìyá òun máa ń lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ni ó ń fi sílẹ̀ fún òun. Ó ní òun kì í jẹ nǹkan kí òun tó wá sí ilé-ìwé. Mo ní kí wá ni ó fi owó náà rà. Ó ní òun ra omi pupa dídì inú ọ̀rá kan àti súìtì méjì ní àkókò ìsinmi. Ó tán. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ó wọ ẹnu ọmọ ènìyàn láti òwúrọ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo wá bi í pé, nígbà tí ìyá kan ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní owó kan náà, kí ló dé tí kò ra ẹ̀pà? Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní: “Malam, ẹ̀yin náà kì í ra ẹ̀pà.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ni ó sọ. Ojoojúmọ́ ni èmi àti olùkọ́ kan máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́ ní àkókò ìsinmi, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa, bisikíìtì lórí itan wa, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé sì ń wò wá. Wọn kò lówó ìgò, nítorí náà wọ́n ra èyí tí ó jọ ọ́ jùlọ, omi tí a pò mọ́ ṣúgà àti aró, tí a dì sínú ọ̀rá. Mo ti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àti ìlera ní ọjọ́ Ajé. Mo ya àwòrán ẹ̀wà, ẹyin àti ewébẹ̀ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú lọ sílé ni èyí tí mo kọ́ wọn láti orí àga ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ṣúgà tí a pò mọ́ omi kì í pẹ́ nínú ikùn. Kò sí ohun tí eyín yóò rún, kò sí ohun tí ikùn yóò lọ̀. Wéréwéré ni ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara a sì tú oje tí à ń pè ní insulin jáde láti kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ebi yóò fi padà dé bí ẹni tí ó gbàgbé fìlà sílé wa. Ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà amáradàgbà wà nínú wọn, òróró wà nínú ẹ̀pà, ìyẹ̀fun àti fọ́nrán tí kì í tètè dà sì wà nínú ẹ̀wà. Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń gba agbára láti inú wọn, bí ìgbà tí a bá ń fi igi tí ó gbẹ dáadáa dáná tí a kò fi koríko dá a. Ọmọ tí ó panu pẹ̀lú ẹkúnwọ́ ẹ̀pà ní agogo méjìlá lè fara da ìṣirò agogo kan. Ọmọ tí ó fi omi pupa panu kò ní ohunkóhun nínú tí yóò gbé e ró. Ìyà ebi ni mo fi jẹ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kì í ṣe ìyà ọ̀lẹ.

Èyí tí ó sì ń ṣe àwa àgbà kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìmọ̀ràn kan jáde ní ọdún 2015 pé ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu gbọ́dọ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa, ó sì sàn kí ó má tilẹ̀ tó ìdajì ìyẹn. Fún àgbàlagbà, ìdajì náà jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 25, èyí tí ó tó ṣíbí tíì mẹ́fà. Ẹ wá gbé ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan tí wọ́n fi ṣúgà nìkan mú dùn, kí ẹ ka ohun tí ó wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé 35 cl rẹ̀ yóò gba gíráàmù 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò kan ṣoṣo nìyẹn, ó ti kọjá ààlà, a kò sì tíì kan bisikíìtì, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì kan tíì aláró ṣúgà ti àárọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tí ń gbé inú ẹnu a máa sọ ṣúgà yìí di omi kíkan tí ń jẹ eyín. Ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ di àṣà ojoojúmọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn fún sísanra jù àti fún àrùn àtọ̀gbẹ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti mọ̀. Òfin ìnáwó ọdún 2021 bu owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ṣúgà sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní ọdún 2022. Náírà 10! N kò tíì rí ẹnì kan tí ó tìtorí rẹ̀ gbé ìgò sílẹ̀.

Kí ló dé tí a kò lè gbé e sílẹ̀? Adùn wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ náà ju adùn lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀làjú ni. Ẹ wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́jì wa: bí ó bá ra ẹ̀pà, àpò ṣòkòtò ni ó ń kó o sí, a máa yọ ọ́ jẹ ní méjì méjì bí ẹni tí ń jalè, ṣùgbọ́n bí ó bá ra ìgò, ọwọ́ ni ó ń gbé e dání, kí àwọn omidan lè rí i láti òkèèrè. A ti gbà gbọ́ pé ohun tí ó wà nínú ọ̀rá dídán tí a kọ nǹkan sí lára ni oúnjẹ àwọn ọ̀mọ̀wé, pé ohun tí ìyá kan gbé sórí atẹ ni oúnjẹ àwọn tí kò rí jájẹ. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Ní ilẹ̀ àwọn bàbá wa, kò sí ẹni tí ń tijú gúgúrú àti ẹ̀pà. Akọ̀wé ń jẹ ẹ́, awakọ̀ ń jẹ ẹ́, ìyàwó tuntun ń jẹ ẹ́. Mo rántí bàbá mi tí ó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú bọ́ọ̀lì tí a fi bébà wé àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; àwa ọmọ a sì máa sáré pàdé rẹ̀, bí ẹni pé ó ti ìlú òyìnbó bọ̀.

Àwọn kan lára àwa tí a wá láti ilẹ̀ Yorùbá máa ń sọ pé àtijẹ àtimu ìhà ìhín kò bá wa lára mu, pé nítorí ìdí èyí ni a fi ń sá tọ bisikíìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìhà Àríwá yìí, mo gbọ́ tí obìnrin kan tí ó gbé atẹ rù ń kígbe ní òpópó pé, “Aya! Aya!” Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé irú ìlú wo ni èyí tí wọ́n ti ń kiri ìyàwó tà ní gbangba? Mo sún mọ́ ọn láti wo ojú ìyàwó náà. Ọ̀fíọ̀ ni mo bá nínú atẹ! Ọ̀fíọ̀ tí màmá mi àgbà máa ń rẹ sínú omi fún wa ni àwọn Hausa ń pè ní aya. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń bi mí léèrè ní gbogbo ọ̀sán bóyá mo ti fẹ́ ìyàwó. Ó pọ̀ ní fọ́nrán tí ń mú kí ìgbẹ́ rọrùn, ó sì ń pẹ́ lẹ́nu, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò ti rẹ ènìyàn kí ó tó jẹ ẹ́ jù.

Kì í ṣe ọ̀fíọ̀ nìkan. Àkàrà wa ni wọ́n ń pè ní kosai. Ẹ̀wà kan náà ni, òróró kan náà ni. Kúlíkúlí kò nílò ògbufọ̀. Ohun kan sì wà tí n kò jẹ rí kí n tó dé ìhín, tí mo rò pé ó yẹ kí a mú padà lọ sílé bí a bá parí ẹ̀kọ́ wa. Ewé zogale ni. Wọn a bọ̀ ọ́, wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a gún kúlíkúlí sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ díẹ̀. Ewébẹ̀ tí ó kún fún èròjà aṣaralóore àti kúlíkúlí tí ó kún fún èròjà amáradàgbà, nínú abọ́ kan ṣoṣo, ní owó tí kò tó ti ìgò kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo ní kí n má purọ́, mo rò pé mo ń jẹ oúnjẹ ewúrẹ́. Ní ìgbà kẹta, èmi ni mo ń wá obìnrin náà kiri. Fúrá tí a fi jéró ṣe pẹ̀lú nọ́nò àwọn obìnrin Fúlàní náà dára, bí ẹ bá lè tètè sọ fún ẹni tí ń bù ú kí ó tó da ìdajì agolo ṣúgà sí i.

Ọ̀rọ̀ káàròótì ni ó tilẹ̀ ń dùn mí jùlọ. Orí òkè Jos yìí tutù, ilẹ̀ rẹ̀ sì gba káàròótì, kábéèjì àti ọ̀dùnkún òyìnbó lọ́nà tí ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà kò lè gbà á. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wọn lọ sí gúúsù, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ń fi owó gọbọi rà wọ́n. Ọkọ̀ mìíràn sì ń kó bisikíìtì àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò bọ̀ wá bá wa láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì a máa pàdé lójú títì. Àwa tí a jókòó lórí káàròótì ni a ń jẹ bisikíìtì. Bẹ́ẹ̀ ni ara ń fi èròjà inú káàròótì ṣe fítámínì tí ojú nílò kí ó tó lè ríran dáadáa ní àṣáálẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi iná kékeré kàwé di òru ni ó yẹ kí ó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọsàn ńkọ́? Ọsàn ń ti ìhà Benue wá sí ọ̀dọ̀ wa ní àpò àpò lákòókò rẹ̀. Fítámínì inú rẹ̀ a sì máa ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ewébẹ̀. Ọsàn ní ọ̀sán: àwọn tí ó sọ wọ́n lórúkọ kò jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra.

Mo padà sórí ẹ̀pà, nítorí pé òun ni olórí ọ̀rọ̀ mi. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀pà, nǹkan bí gíráàmù 25 ni èròjà amáradàgbà. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn! Ilẹ̀ Àríwá yìí kan náà ni ó kó àpò ẹ̀pà jọ ní Kano nígbà kan títí ó fi ga bí òkè, tí àwòrán òkìtì náà sì wà nínú ìwé káàkiri ayé, kí ọ̀dá àti àrùn ẹ̀pà ti àwọn ọdún 1970 tó ba nǹkan jẹ́. Òkìtì ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀pà kò lọ. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní ọjà ẹ̀yìn kọ́lẹ́jì wa, mo fi owó ìgò kan ra ẹ̀pà agolo mìlíìkì kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ṣẹ́ńjì sì kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀pà náà tó mi fún ọ̀sán méjì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kan ka ìwé yìí kí n tó fi ránṣẹ́ sí olóòtú, ó sì fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ sí etí rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́nu méjì ni mí: ọjọ́ wo ni mo rí kòkòrò lára bisikíìtì? Ó ní inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti wé e, eṣinṣin kò bà lé e, ṣùgbọ́n ọsàn tí a bó sílẹ̀, ìbẹ́pẹ tí a gé sínú ọ̀rá, ta ni ó mọ omi tí a fi fọ̀ wọ́n àti ọwọ́ tí ó gé wọn? N kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Ní ọdún 2021, àrùn onígbáméjì pa ju 3,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ìhà Àríwá ni ó sì ti jà jùlọ. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ fi èso tí a fi omi kòtò fọ̀ panu kò fẹ́ràn ọmọ náà ju ẹni tí ó fún un ní súìtì lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn ni pé Ọlọ́run náà ní ilé iṣẹ́ tí ó ń wé nǹkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ wá láti oko. Ọsàn wọ aṣọ. Ẹyin sísè wọ aṣọ. Àgbàdo sísè wà nínú háríhá rẹ̀. Ẹ̀pà tí a sè tàbí tí a yan pẹ̀lú èèpo wọ aṣọ. Ẹ rà wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ fúnra yín bọ́ aṣọ náà. Èyí tí a ti gé sílẹ̀ ní ojú títì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó gé e. Àkàrà àti kosai, ẹ rà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ti inú epo gbígbóná bọ́ jáde, ẹ má ṣe ra èyí tí ó ti jókòó pẹ̀lú eṣinṣin láti àárọ̀.

Ẹ̀pà pàápàá ní ewu tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo ń yìn ín. Ní ọdún 1960, ju 100,000 tòlótòló lọ ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà ṣe ni wọ́n jẹ, ẹ̀pà náà sì ti bu. Oró kan tí à ń pè ní aflatoxin wà nínú ohun tí ó hù sí i lára. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, yíyan kì í sì í mú un kúrò tán. Nítorí náà, ẹ̀pà tí ó bá ti rọ jọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, tí ó ń korò lẹ́nu, ẹ tu ú dànù, ẹ má ṣe gbé e mì nítorí ìtìjú. Kí ẹ̀yin tí ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi sì rántí pé odidi ẹ̀pà lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fun. Ẹ lọ̀ ọ́ fún wọn, ẹ má ṣe fún wọn ní odidi. Bí ara ẹnì kan kò bá sì gba ẹ̀pà, kí ó fi í sílẹ̀, kí ó mú ẹyin.

Àwọn ẹlòmíràn sọ fún mi pé iṣẹ́ ìjọba ni èyí, kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2016 láti máa fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní oúnjẹ kan lóòjọ́, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì kìíní títí dé ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tí ó sùn lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kíláàsì kẹrin ni ó wà. Bí a bá tilẹ̀ ṣe ètò náà láìṣẹ́ku, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò dúró sí. Ta ni yóò rí i níbẹ̀ bí kò ṣe olùkọ́ rẹ̀?

Kí ni mo ṣe? Kò pọ̀. Ní ọjọ́ kejì tí ọmọ náà dá mi lóhùn, mo lọ bá ìyá ẹlẹ́pà ní àkókò ìsinmi. Ó rí mi, ó rò pé mo wá lé e kúrò ni, ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ẹ̀pà ni mo wá rà.” Ó wò mí títí, ó ní, “Malam, láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbí, olùkọ́ kan kò ra nǹkan lọ́wọ́ mi rí, àfi kí wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn.” Mo gbé ẹ̀pà mi, mo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ níbi tí gbogbo wọn ti lè rí mi. Olùkọ́ kejì mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó tọ́ ọ wò. Mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, pẹ̀lú ìdérí lórí atẹ rẹ̀, wọ́n sì gbà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ohun gbogbo yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ náà ra ẹ̀pà fún ọjọ́ méjì, ó sì tún ra súìtì ní ọjọ́ kẹta, ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀pà ni ó ń rà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, a sì máa há ti ọwọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Orun náà dínkù. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé mo ti gbé ìṣirò sí òwúrọ̀ nígbà náà, mo sì fi orin àti iṣẹ́ ọwọ́ sí ọ̀sán, nítorí náà n kò lè búra pé ẹ̀pà nìkan ni ó ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò tún fi ẹnikẹ́ni sórí ìkúnlẹ̀ nítorí oorun mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ilé ìtajà tí ó wà nínú ọgbà kọ́lẹ́jì wa ń ta bisikíìtì oríṣi méje (mo kà á), súìtì àti ìgò ẹlẹ́rìndòdò oríṣiríṣi. Kò ta èso kan. Kò ta ẹ̀pà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ọjà ẹ̀yìn ọgbà kí ó tó padà wá sí ẹ̀kọ́ agogo méjì, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni wọ́n sì fún wa. Àwa tí wọ́n ń kọ́ láti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní ìlera ni a sé mọ́ inú ọgbà pẹ̀lú ṣúgà. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ilé ìtajà náà yóò ṣe ìpàdé kí sáà yìí tó parí. Mo ti kọ ìwé ìbéèrè sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ìyá ẹlẹ́pà àti ọlọ́sàn méjì láyè lábẹ́ òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, kí atẹ wọn ní ìdérí, kí wọ́n sì gbé garawa omi mímu tí ó mọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ fún ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé omi lásán ni ọ̀fun wa ń bẹ̀bẹ̀ fún tí a ń fún un ní ìgò.

Ìwé náà wà lára pátákó ìkéde lẹ́bàá ilé ìkàwé fún ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí i. Orúkọ mẹ́tàdínlógún ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ èyí, ti ọ̀rẹ́ mi tí ń gbèjà bisikíìtì sì wà nínú wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lé bisikíìtì òun jáde o.